Ojú Irin Mẹ́ta àti Èdè Kan: Kambolé, Tchamba àti Sokodé lórí Àwòrán Ayé

Bí olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà bá gbé àwòrán ayé róbótó tí ìbú rẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà ka iwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Kambolé, sẹ̀ǹtímítà kan lórí rẹ̀ dúró fún ohun tó ju 400 kìlómítà lọ. Ojú irin Lomé sí Blitta, tí ó tó nǹkan bí 280 kìlómítà, kò tó sẹ̀ǹtímítà kan níbẹ̀. Síbẹ̀, ìlà kékeré yìí lè la ọ̀pọ̀ nǹkan yé ni nípa ìtàn àwọn ará Kambolé, Tchamba àti Sokodé.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ojú irin ọdún 1830 so ìlú Liverpool pọ̀ mọ́ Manchester. Ní Amẹ́ríkà, èyí tó ti ìlà-oòrùn wá pàdé èyí tó ti ìwọ̀-oòrùn wá ní ọdún 1869. Ní etí òkun ilẹ̀ wa, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba amúnisìn kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ létí òkun, ó sì ń wọ inú ilẹ̀ lọ, kí irè oko lè dé inú ọkọ̀ ojú omi.

Ní Togo, orúkọ tí àwọn ará Jámánì fi pe ojú irin wọn fi ìdí iṣẹ́ náà hàn. Èyí tó dé Aného ní ọdún 1905 ni wọ́n fi àgbọn pè. Èyí tó dé Kpalimé ní 1907, kòkó. Èyí tó dé ẹ̀gbẹ́ Atakpamé ní 1911, òwú. 

Ní àkókò kan náà, àwọn Faransé ń la ti wọn láti Cotonou gba Ṣábẹ kọjá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ti dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901, wọ́n dé Ìlọrin ní 1908. Atakpamé, Ṣábẹ, Ìbàdàn: ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a ti ń gbọ́ èdè tó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ṣùgbọ́n ojú irin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò pàdé ara wọn. Àlàfo àárín irin méjèèjì jẹ́ mítà kan ní Togo àti Dahomey, ó jẹ́ 1.067 mítà ní Nàìjíríà. Ọkọ̀ Èkó kò lè rìn lórí irin Cotonou.

Ṣáájú èyí, ọ̀nà òwò kò gba ibẹ̀ lọ. Àwọn oníṣòwò obì ń ti Salaga wá, wọ́n ń gba agbègbè Sokodé lọ sí Djougou àti ilẹ̀ Bàrìbá. Láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ni wọ́n ń rìn. Ojú irin yí ojú ọjà padà sí òkun.

Lẹ́yìn tí Jámánì pàdánù Togo ní oṣù kẹjọ 1914, àwọn Faransé tẹ̀síwájú láti Atakpamé. Iṣẹ́ tipátipá ni wọ́n fi la ọ̀nà náà, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ wá láti ilẹ̀ Kabyè àti Losso. Òfin ọdún 1946 ni ó fòpin sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1934, ojú irin dé Blitta, ó sì dúró síbẹ̀, nǹkan bí 80 kìlómítà sí Sokodé. Ní 1936, ti Dahomey dé Parakou. Kambolé àti Tchamba wà ní àárín méjèèjì, irin kankan kò kàn wọ́n.

Kí olùkọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní òwú dúdú mẹ́ta, kí wọ́n fi tẹ ojú irin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí àwòrán ilẹ̀ ńlá, nítorí ayé róbótó kéré jù fún èyí. Òwú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò kọrí sí àríwá, ọ̀kan kò ní kan èkejì. Kí wọ́n wá mú òwú pupa kan, kí wọ́n fà á láti Ìbàdàn gba Ṣábẹ dé Kambolé, níbi tí a ti ń sọ èdè wa. Yóò gba orí ojú irin kọjá, yóò gba orí ààlà kọjá. Òun nìkan ni ó so àwọn ìlú náà pọ̀.