Ogún Ṣọ́jà Lórí Kẹ̀kẹ́: Bí Wọ́n Ṣe Múra fún Ìrìn 3,000 Kìlómítà

Bí ẹ bá wà nínú dáńfó, ẹ fi etí kan sílẹ̀ fún kọ̀ńdọ́, kí ẹ fi ìkejì gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ la fẹ́ sọ lónìí. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń wí o, kì í ṣe Màrúwá.

Àwa mẹ́fà kan ń gbèrò láti gun kẹ̀kẹ́ láti Ìbàdàn dé Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí òjò bá dá. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó ti rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ rí. Láti ìgbà tí a ti dá gúrúùpù WhatsApp sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń lọ níbẹ̀: kẹ̀kẹ́ wo ni ká rà? Ẹnì kan á fi fọ́tò ránṣẹ́, ẹlòmíì á béèrè pé gíà mélòó ló ní, ẹnì kẹta á ní owó rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ìtàn ni èmi ń wá jẹ ní tèmi, torí náà mo lọ wo bí àwọn tó ṣe irú ẹ̀ ṣáájú wa ṣe múra. Ibi tí mo ti rí ohun tó dùn mọ́ mi jù ni ìpínlẹ̀ Montana ní Amẹ́ríkà, ní 1896, lọ́wọ́ àwọn ṣọ́jà aláwọ̀ dúdú.

Ẹ jẹ́ ká mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́ ná. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ìjọba gba àwọn èèyàn dúdú sínú iṣẹ́ ológun, àmọ́ wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà tó yá, rẹ́jímẹ́ǹtì mẹ́rin ni wọ́n kó wọn sí: 9 àti 10 jẹ́ ti ẹlẹ́ṣin, 24 àti 25 jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀. Ṣọ́jà dúdú, ọ̀gá funfun, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Buffalo Soldiers ni ayé ń pè wọ́n. Àwọn náà ni Bob Marley kọrin nípa wọn, bí ẹ bá ti ń kọ orin yẹn láìmọ ìtumọ̀ ẹ̀.

Ọ̀dọ́ ọ̀gá ṣọ́jà kan wà tó ń jẹ́ James A. Moss. Ó jáde ní West Point, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun, ní 1894. Ipò ìkẹyìn pátápátá ló ṣe nínú kíláàsì rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe ìkẹyìn kì í yan ibi tó wù ú, ibi tó bá ṣẹ́kù ló ń lọ. Bí Moss ṣe bá ara rẹ̀ ní Fort Missoula nìyẹn, láàárín òkè àti igbó Montana, pẹ̀lú rẹ́jímẹ́ǹtì 25. Ó fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ gan-an, kẹ̀kẹ́ sì ni gbogbo Amẹ́ríkà ń gùn lásìkò yẹn. Ó kọ̀wé sókè pé kí wọ́n jẹ́ kí òun dán an wò bóyá kẹ̀kẹ́ lè rọ́pò ẹṣin lójú ogun. Kẹ̀kẹ́ kì í jẹ koríko, kì í mu omi, kì í han kí ọ̀tá gbọ́. Ọ̀gágun Nelson Miles gbà fún un ní 1896. Ilé-iṣẹ́ Spalding ló fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fún wọn.

Kẹ̀kẹ́ ti dé, ó di ọwọ́ ẹni tí yóò gùn ún. Èèyàn mẹ́jọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó jìnnà sí bárékè. Lójoojúmọ́, wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ fún máìlì 15 sí 40, ìyẹn kìlómítà 24 sí 64. Wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa tò tẹ̀ léra wọn láìkọlu ara wọn. Wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun ọgbà. Ọgbà náà ga tó mítà 2.7, àwọn kan á kọ́kọ́ gun òkè, àwọn tó kù á máa na kẹ̀kẹ́ sí wọn láti ìsàlẹ̀, wọ́n á sì sọ ọ́ kalẹ̀ sí òdìkejì. Nígbà tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n, ìṣẹ́jú àáyá 20 ló ń gbà wọ́n. Bí odò bá jìn jù láti ti kẹ̀kẹ́ kọjá, wọ́n á fi igi gígùn gbé e kọ́ èjìká, ẹnì kan níwájú, ẹnì kan lẹ́yìn, bí ọdẹ méjì tó ń gbé àgbọ̀nrín bọ̀ wálé.

Ohun tó jọ mí lójú níbẹ̀ ni pé kò sí èyí tí ẹnì kan lè dá ṣe nínú gbogbo ẹ̀. Kódà ẹrù wọn náà rí bẹ́ẹ̀. Ìdajì àgọ́ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbé, tó ká a mọ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, tó sì dì í mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́. Bí ẹnì kejì kò bá dé, ìwọ náà kò ní àgọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọ̀kan nínú wọn, John Findley, ti ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ kan ní Chicago kó tó wọṣẹ́ ológun. Òun ni wọ́n fi ṣe atúnkẹ̀kẹ́ṣe. Táyà tó jò, ṣéènì tó já, pẹ́dà tó kán, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni gbogbo wọn ń lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń béèrè gíà nínú gúrúùpù, èmi Findley ni mò ń wá. Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń lẹ túúbù láàárín wa?

Ìrìn àkọ́kọ́ wọn wáyé ní oṣù kẹjọ 1896, lọ sí adágún McDonald lẹ́bàá òkè Mission, lọ àti bọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n lò, máìlì 126, ó lé díẹ̀ ní kìlómítà 200. Òjò rọ̀ lé wọn lórí, ẹrẹ̀ dì mọ́ táyà títí tí kẹ̀kẹ́ kò fi yí mọ́, igi wó dí ọ̀nà. Ìrìn kékeré nìyẹn o. Ìdí tí wọ́n fi rìn ín gan-an ni pé kí wọn mọ ohun tó máa bàjẹ́ nígbà tí ilé kò tíì jìnnà jù.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn tí wọ́n padà tí wọ́n tún fi gbéra, lọ sí Yellowstone. Lọ àti bọ̀ èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì 800, nǹkan bí kìlómítà 1,280. Fọ́tò kan wà tí wọ́n yà níbẹ̀, ó wà káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì: àwọn ṣọ́jà pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ wọn lórí àpáta funfun kan tó rí bí àtẹ̀gùn, ní Mammoth Hot Springs. Ẹ wá a lórí Google, kí ẹ wo ojú wọn dáadáa.

Ní 1897, Moss béèrè ohun tó ju ìyẹn lọ. Láti Missoula dé ìlú St. Louis ní ìpínlẹ̀ Missouri: máìlì 1,900, ó lé ní kìlómítà 3,000. Bí ẹni ń ti Èkó lọ sí Kánò ni, tó padà sí Èkó, tó tún wá lọ sí Kánò. Ó dìídì mú ọ̀nà yẹn nítorí pé kò sí irú ilẹ̀ tí kò sí níbẹ̀: òkè gíga, pẹ̀tẹ́lẹ̀, ẹrẹ̀, iyanrìn, òtútù àti ooru.

Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn lé ní 40, ó mú 20. Ẹni tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún 24, ẹni tó dàgbà jù jẹ́ ẹni ọdún 39. Àgbà yẹn ni Mingo Sanders, sájẹ́ǹtì wọn, ọmọ South Carolina, tó ti wà nínú iṣẹ́ ológun láti 1881. Ohun kan ti bú gbàmù lójú rẹ̀ rí, ojú rẹ̀ kan kò sì ríran dáadáa mọ́. Òun ló wà lórí àwọn ọmọdé wọ̀nyẹn. Dókítà kan, J. M. Kennedy, bá wọn lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni Edward Boos, akọ̀ròyìn, ọmọ ọdún 19, tó ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn. Ẹni tèmi nìyẹn.

Spalding ṣe kẹ̀kẹ́ wọn ní àkànṣe lọ́tẹ̀ yìí: ríìmù irin, fọ́ọ̀kì iwájú tó nípọn, ohun tí wọ́n fi bo ṣéènì kí ẹrẹ̀ má wọ̀ ọ́, àpótí tó wọ àárín férémù fún oúnjẹ. Ẹ̀kọ́ ọdún tó kọjá ni gbogbo ìyẹn. Pẹ̀lú ẹrù, kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan wúwo tó kílò 27, ìbọn ṣì wà lẹ́yìn ẹni tó ń gùn ún, pẹ̀lú ọta 50.

Ti oúnjẹ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Oúnjẹ ọjọ́ méjì ni wọ́n ń gbé dání: ẹ̀wà, ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ìyẹ̀fun, kọfí. Èyí tó kù, Moss ti fi ọkọ̀ ojú irin rán an ṣáájú, ó ń dúró dè wọ́n ní ibùdókọ̀ kan sí òmíràn, nǹkan bí máìlì 100 síra wọn. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ìṣirò ló ń gbé wọn lọ. Bí ẹrẹ̀ bá dá wọn dúró tí ọjọ́ méjì di mẹ́ta, ebi dé nìyẹn, ó sì dé lẹ́ẹ̀kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Wọ́n gbéra ní June 14, 1897. Òjò ló kọ́kọ́ pàdé wọn. Nígbà tí wọ́n ń kọjá òkè Rocky, nínú oṣù kẹfà, yìnyín ló wà nílẹ̀. Ọ̀nà bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lọ ń gun kẹ̀kẹ́ láàárín ojú irin rélùwéè, lórí àwọn pákó tí wọ́n tò sábẹ́ irin. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ gba ojú títì tí wọ́n fi bọ́ǹpù dí ṣáájú ilé-ìwé, kó fojú inú wo bọ́ǹpù tí kò tán fún wákàtí mẹ́ta. Ìdí á gbọ́ ọ.

Nebraska ló burú jù. Wọ́n ń pè é ní Sandhills, iyanrìn lásán fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ooru tó 43 lórí ìwọ̀n Celsius. Kẹ̀kẹ́ kò ṣeé gùn, wọ́n ń tì í. Iyọ̀ ilẹ̀ wà nínú omi ibẹ̀, ó ń da inú wọn rú. Moss fúnra rẹ̀ wó lulẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀ kó tọ́jú ara, dókítà gba ipò rẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì ń lọ. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n: bí ọ̀gá tó pète ohun gbogbo bá ṣubú tí ìrìn kò dúró, ìmúrasílẹ̀ yẹn dára.

July 24 ni wọ́n wọ St. Louis. Ọjọ́ 41 ló gbà wọ́n, wọ́n sì rìn ní 34 nínú rẹ̀, nǹkan bí kìlómítà 90 lójúmọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Ìbàdàn sí Ògbómọ̀ṣọ́, lójoojúmọ́, pẹ̀lú ìbọn. Àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ìlú náà jáde wá sin wọ́n wọlé, èrò sì rọ́ lọ wò wọ́n ní Forest Park. Ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n wọ̀ padà sílé.

Moss tún fẹ́ lọ sí San Francisco, àwọn ọ̀gá kò gbà. Ní 1898, ogun Amẹ́ríkà àti Sípéènì bẹ́ sílẹ̀, rẹ́jímẹ́ǹtì 25 lọ jà ní Cuba, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ parí síbẹ̀.

Nígbà tí mò ń ka ìtàn yìí, ohùn àwọn ṣọ́jà gan-an ni mò ń wá. Ìwé tí Moss kọ wà, ìròyìn tí Boos kọ wà, funfun ni àwọn méjèèjì. Bí ìdí ṣe ń dun Findley, tàbí ohun tí Sanders ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ lálẹ́ nínú iyanrìn, ẹnu ẹlòmíì la ti ń gbọ́ ọ. Ibi tí orúkọ Sanders ti wá dún jáde nínú ìwé ìròyìn, kì í ṣe nítorí kẹ̀kẹ́.

Ní oṣù kẹjọ 1906, rẹ́jímẹ́ǹtì náà ní àwọn ọmọ ogun ní Brownsville, ní Texas. Lóru ọjọ́ kan, ìbọn dún nígboro, ẹnì kan kú, ọlọ́pàá kan fara gbọgbẹ́. Àwọn ará ìlú ní àwọn ṣọ́jà dúdú ni. Àwọn ọ̀gá wọn tó jẹ́ funfun ní inú bárékè ni wọ́n wà. Ìjọba ní kí wọ́n dárúkọ ẹni tó yìnbọn, wọ́n ní àwọn kò mọ nǹkan kan. Ààrẹ Theodore Roosevelt sì lé gbogbo wọn, 167, láìsí ẹjọ́, nítorí pé kò sí ẹni tó na ìka sí ẹnìkejì rẹ̀.

Sanders wà lára wọn. Ọdún tó lé ní 25 ló ti lò, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò jìnnà mọ́, ó sì pàdánù rẹ̀. Ó rán Roosevelt létí pé ní Cuba, òun pín bisikíìtì líle òun fún àwọn ọmọ ogun Roosevelt nígbà tí ebi ń pa wọ́n. Kò yí nǹkan kan padà.

Ní 1972, iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà yí ìdájọ́ náà padà, wọ́n dá orúkọ rere àwọn 167 padà fún wọn. Sanders ti kú láti 1929.