Ẹwìrì Tí Ó Kọ́ Awakọ̀ Òfurufú

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà a máa pè é ní eré lásán bí ọ̀dọ́ bá ń wa bàálù ogun lórí kọ̀ǹpútà. Lójú tèmi, ìtàn kò gbè wọ́n.

Dùùrù ni ilé iṣẹ́ bàbá Edwin Link ń ṣe ní Amẹ́ríkà. Ẹwìrì, bí irú èyí tí alágbẹ̀dẹ wa fi ń fẹ́ná, ní ń fẹ́ atẹ́gùn sínú dùùrù. Ní 1929, Link fi ẹwìrì gbé àpótí kan tí ó ṣe bí bàálù; ó ń fì sọ́tùn-ún sósì, kò sì kúrò nílẹ̀. Ibi ìgbafẹ́ ni ó ń tà á fún. Ní 1934, wọ́n ní kí awakọ̀ òfurufú ológun máa gbé lẹ́tà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kú nínú kùrukùru. Nígbà náà ni iléeṣẹ́ ológun ra àpótí mẹ́fà, kí ẹni tí yóò ṣìnà lè ṣìnà lórí ilẹ̀.

Lónìí, kọ̀ǹpútà àti awò VR ti rọ́pò ẹwìrì. Awò náà ń fẹ́ àwòrán bí 90 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kọ̀ǹpútà bá lọ́ra, òòyì á kọ́ni. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dín òjìji àti àwọsánmà inú àwòrán kù. Ní Adó-Èkìtì, a ó tún wá bátìrì tí yóò dúró bí iná bá lọ.

Kọ̀ǹpútà ilé kò lè fúnni ní ìwé àṣẹ awakọ̀. Ṣùgbọ́n pápá ọkọ̀ òfurufú ti wà ní Adó-Èkìtì. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ń fò bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀.