Ìbọn ìléwọ́ tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé: kí ló yẹ kí ará Tré mọ̀ kó tó wá a lọ?

Ìbọn ìléwọ́ ni ìbọn kékeré tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan yìn, tó sì lè wọ abẹ́ ẹ̀wù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Pistolet tàbí revolver là ń pè é ní Faransé. Ó yàtọ̀ sí ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ wa ń gbé gun òkè, èyí tí à ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ra kájú káàkiri abúlé ló bi mí léèrè pé: "Maître, èwo nínú wọn ni mo lè fi sábẹ́ ẹ̀wù tí n ò ní kábàámọ̀, nígbà tí mo bá ń kó owó bọ̀ láti Dáàsà?" N ò bá a wí. Owó kájú kì í ṣe owó kékeré, ọ̀nà a sì máa dá tó bá di alẹ́. Àmọ́ ìdáhùn náà gùn ju bó ṣe rò lọ.

Ẹ jẹ́ ká ti orí òfin bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO fọwọ́ sí àdéhùn kan lórí ìbọn ní Abuja ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2006, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009. Bẹ̀nẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹsẹ 14 àdéhùn náà ló kan àwa tí a kì í ṣe ológun. Ó ní kí ìjọba pe ẹni tó ń wá ìbọn, kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú. Kí ọjọ́ orí rẹ̀ tó. Kó má ní ẹ̀sùn ọ̀daràn lọ́rùn. Kó sọ ìdí tó yè kooro tó fi fẹ́ ẹ, kó fi hàn pé òun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó láìséwu, kó sì fi hàn pé ibi tí òun máa tọ́jú ìbọn sí yàtọ̀ sí ibi tí ọta wà. Ó kéré tán, ọjọ́ 21 gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó fún un níwèé, ìwé náà sì ní ọjọ́ tó máa parí.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́: détention yàtọ̀ sí port. Ìwé tó ní kí o ní ìbọn nílé kò ní kí o gbé e rìn lọ sọ́jà.

Ẹni tó bá sì rò pé òun á kọjá sí Nàìjíríà lọ rà á, kó mọ̀ pé òfin ìbọn wọn ti ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn èyí tí wọ́n kà léèwọ̀, pẹ̀lú ìbọn ogun. Ààrẹ nìkan ló lè fúnni láyè rẹ̀. Èyí tí ẹnì kan bá tà fún ọ lábẹ́lẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ̀sùn ni ní ìhín, ẹ̀sùn ni ní ọ̀hún. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ wa kan ń gbé, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá: ilé ẹjọ́ gíga wọn sọ ní 2022 pé ìpínlẹ̀ kò lè ní kí èèyàn mú ìdí pàtàkì wá kó tó gbé ìbọn sábẹ́ ẹ̀wù. Ìdí ọ̀hún gan-an ni CEDEAO ní ká mú wá. Nítorí náà, fídíò tí wọ́n bá ti ibẹ̀ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp kò bá ti wa mu.

Ká wá sọ pé ìwé ti wà lọ́wọ́, bóyá fún ẹni tó ń ṣọ́ ibi iṣẹ́. Èwo ló ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé? Èmi á ní èyí tí kò ní ọ̀ṣọ́ lára. Revolver ló ti pẹ́ jù: Samuel Colt gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1836. Ọta márùn-ún tàbí mẹ́fà ló wà nínú àgbá kékeré tó ń yí. Bí ọta kan bá kọ̀ tí kò dún, a óò tún fà á, àgbá á yí, òmíràn á bọ́ sípò. Kì í sábà há. Ó lè wà nínú àpótí fún ọdún pípẹ́ kó ṣì ṣiṣẹ́, bí ìpẹtà kò bá ti mú un. Àléébù rẹ̀ ni pé fífà rẹ̀ le, ọta rẹ̀ sì kéré níye.

Pistolet ń gba ọta sí i nínú àpótí tí àwọn ológun ń pè ní chargeur. Glock 17 tí ológun Austria gbà ní 1982 ń gba 17. Ìbọn yìí náà ni ológun ilẹ̀ Faransé yàn ní 2020 láti fi rọ́pò MAC 50 wọn àtijọ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ràn lára rẹ̀ ni pé ẹ̀yà rẹ̀ kò pọ̀, kò sì sí bọ́tìnnì tí ọwọ́ máa wá kiri nígbà tí àyà bá ń já. Ṣùgbọ́n ìyẹn ló tún mú kó léwu fún ẹni tí kò kọ́ ọ: ohunkóhun tó bá wọ ibi tí ìka ń fà, ìbáà jẹ́ etí ẹ̀wù, lè yìn ín. Àpò líle tó bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀ jẹ́ dandan; àpò ṣòkòtò lásán kò tó. Eruku ọyẹ́ pẹ̀lú òógùn ara kì í jẹ́ kó pẹ́ kó tó nílò fífọ̀ àti òróró. Kí èèyàn sì ti yìn ín dáadáa níbi ìdánrawò, pẹ̀lú irú ọta tó máa gbé gan-an, kó tó sọ pé òun gbẹ́kẹ̀ lé e.

Àwọn ọdẹ wa mọ apá kan nínú èyí tipẹ́. Ẹ wo bí àgbà ọdẹ ṣe ń gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ sókè ibi tí ọmọ kò tó, tí ẹ̀tù wà ní yàrá mìíràn. Ẹni tó ní ìbọn ìléwọ́ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, torí ọmọ ọdún mẹ́rin lè gbé e. Àpótí irin àti àgádágodo ni, kí kọ́kọ́rọ́ má sì sí lẹ́nu rẹ̀.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọmọ kájú yẹn. Mo tún bi í bóyá àwọn tó ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ò lè fi owó ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, kó má máa kó owó bébà rìn lálẹ́. Ó ní àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn àgbẹ̀ fẹ́ owó lọ́wọ́. Ó ní lọ́jọ́ Ajé òun á lọ béèrè ìwé ní kọmísáríà Dáàsà.