Dókítà Tí Ó Mọ Aṣọ Rán

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ló fẹ́ di dókítà, inú wa sì ń dùn sí i. Nítorí náà ni a fi fẹ́ sọ ìtàn dókítà kan tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun èlò ìwòsàn ní ìlú Houston yìí gan-an.

Michael DeBakey ni orúkọ rẹ̀. Ní 1908 ni wọ́n bí i ní Lake Charles, ní ìpínlẹ̀ Louisiana. Àwọn òbí rẹ̀ ti ilẹ̀ Lẹ́bánónì wá, bí àwa náà ti ti ilé wá. Bàbá rẹ̀ ń ta oògùn. Ìyá rẹ̀ mọ aṣọ rán dáadáa, ó sì kọ́ ọmọ rẹ̀.

Ní 1932, nígbà tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Tulane, ó ṣe ẹ̀rọ kan tí ń yí, tí ń tẹ ọ̀pá rọ́bà kí ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn. Irú ẹ̀rọ yìí wà lára èyí tí John Gibbon lò ní 1953, tí ó ṣiṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró fún aláìsàn nígbà iṣẹ́ abẹ.

DeBakey dé Baylor ní Houston ní 1948. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ó lọ ra aṣọ náílọ́ọ̀nù ní ìsọ̀ ńlá kan. Náílọ́ọ̀nù ti tán, ó bá ra Dacron. Ó gbé e délé, ó fi maṣíìnì ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ rán an bí ọ̀pá, láti fi rọ́pò iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó bàjẹ́. Dacron yìí sì pẹ́ nínú ara ju náílọ́ọ̀nù lọ.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ní 1984, wọ́n pààrọ̀ ọkàn fún David Saucier, ẹnjiníà NASA. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá DeBakey àti Dókítà George Noon ṣe ẹ̀rọ kékeré tí ń ran ọkàn lọ́wọ́. Ní 1996, NASA fún ilé iṣẹ́ MicroMed ní àṣẹ láti máa ṣe é. Ní 1998 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sínú ara ènìyàn, ní ilẹ̀ Yúróòpù.

Ní ìparí ọdún 2005, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá DeBakey fúnra rẹ̀ ya, nígbà tí ó ti di ẹni ọdún 97. Àwọn tí ó kọ́ níṣẹ́ ló ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, Dacron ni wọ́n sì fi tún un ṣe. Ó yè é. Ọdún 2008 ni ó tó papò dà, ní ẹni ọdún 99.

Ilé náà kò gbẹ́yìn. Dókítà Oviemo Ovadje, ológun ilẹ̀ Nàìjíríà, ṣe EAT-SET, ohun èlò tí ń gba ẹ̀jẹ̀ tí ó dà sínú ikùn aláìsàn, tí ń sẹ́ ẹ, tí ń dá a padà sí i lára. Àìtó ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn ló mú un ronú.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń tú rédíò tàbí tí ó ń ránṣọ, ẹ má ṣe sọ pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Ìwé dára, iṣẹ́ ọwọ́ náà dára. Olúwa yóò jẹ́ kí wọ́n dáńgájíá o.