Mọ́tò tí A Kò Gbọdọ̀ Tún Kùn

Ó le kú, ìjà Òrè! Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ ọ rí. Ìyálé àti ìyàwó gbá ara wọn mú, ìjà Òrè ni. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ àti èrò ọkọ̀ ń du ṣéńjì, ìjà Òrè náà ni. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń pa òwe yìí láìmọ̀ pé ìjà gidi ni, pé ó ní oṣù, ó ní ọdún. Kò tán síbẹ̀ o: ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun tó jà á ló ni ìtàn mọ́tò dúdú kan tó wà ní Oníkàn, l'Ékòó, títí di òní.

Òrè wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdígbò, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, lójú ọ̀nà tó ti Èkó lọ sí Benin. Bí èèyàn bá ń lọ sí Ìlà Oòrùn, ibẹ̀ ni awakọ̀ ti máa ń dúró kí èrò lè jẹun. Ọ̀nà yìí kan náà ni ogun gbà débẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ, 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra gba orí afárá odò Ọya kọjá, wọ́n sì gba Benin lọ́jọ́ náà. Ọmọ Yorùbá ló ṣáájú wọn, Victor Banjo. Èkó ni wọ́n dojú kọ, ṣùgbọ́n Òrè ni ọ̀nà ti dí mọ́ wọn.

Murtala Muhammed, ọmọ Kano, ẹni ọdún 28 péré, ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá Dìfíṣọ̀n Kejì tó lé wọn padà. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, Benin ti padà sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ní oṣù yẹn náà ni Biafra yìnbọn pa Banjo, wọ́n ní ó fẹ́ dalẹ̀ wọn.

Ẹ má jẹ́ ká sọ ìtàn yìí lápá kan. Ní oṣù Kẹwàá 1967, àwọn ọmọ ogun Dìfíṣọ̀n Kejì yìí kan náà pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin àti ọmọdékùnrin ní Asaba. Ńṣe làwọn ará ìlú jáde tijó tayọ̀ láti kí wọn káàbọ̀, ni wọ́n bá ṣa àwọn ọkùnrin sọ́tọ̀, wọ́n da ìbọn bò wọ́n. Ẹni tó bá ń yin Murtala nítorí Òrè gbọ́dọ̀ rántí Asaba.

Ọjọ́ 29 oṣù Keje, 1975 ló di olórí orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì, 1976, ìjọba rẹ̀ pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 19. Wọ́n gé ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Bí Òrè àti Òdígbò ṣe bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Oǹdó nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ìkéde yẹn, wọ́n pa á.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọjọ́ 13 oṣù Kejì. Murtala kì í fẹ́ síréènì, kì í kó ọ̀wọ́ ọkọ̀ lẹ́yìn. Mercedes-Benz dúdú kan ṣoṣo ló ń gbé e lọ síbi iṣẹ́. Nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀ ní Ìkòyí ni àwọn ọmọ ogun tó tẹ̀ lé Buka Suka Dimka ti ká a mọ́, wọ́n sì da ìbọn bo mọ́tò náà. Ó kú, Akíntúndé Akínsẹ̀hìnwá tó jẹ́ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kú, Adamu Michika tó ń wa ọkọ̀ náà kú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mọ́tò yìí ti yàtọ̀ nìyí. Nílẹ̀ wa, mọ́tò kì í kú. Mẹkáníìkì á tú ẹ́ńjìnnì, rẹwáyà á so wáyà, pánẹ́ẹ̀lì bítà á lù ú, wọ́n á kùn ún lọ́dà, ó ti di tuntun nìyẹn. Ẹni tó bá ní mọ́tò àtijọ́ tó ń dán gbinrin, ìgbéraga rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Mercedes ti Murtala bọ́ lọ́wọ́ olórí ìjọba, ó bọ́ sọ́wọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn, láìsí pé ẹnikẹ́ni dí ojú ọta ìbọn ara rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Lincoln tí wọ́n ti yìnbọn pa Ààrẹ Kennedy ní Dallas lọ́dún 1963, iléeṣẹ́ Ford ló ni ín. $500 lọ́dún ni ìjọba fi ń háyà rẹ̀. Lẹ́yìn ikú Kennedy, wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n fi irin tí ọta kò lè wọ̀ sí i, wọ́n fi òrùlé dé e, wọ́n tún un kùn. Àwọn ààrẹ mìíràn ṣì ń gùn ún títí di 1977. Ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Henry Ford ní Michigan báyìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wò ó kò lè rí ọjọ́ Dallas lára rẹ̀ mọ́. Ní Vienna ẹ̀wẹ̀, mọ́tò tí wọ́n ti pa Franz Ferdinand ní Sarajevo lọ́dún 1914, ikú tó dá Ogun Àgbáyé Kìíní sílẹ̀, wà níbẹ̀ pẹ̀lú ihò ọta lára. Ẹni tó bá rí ihò yẹn kò nílò àlàyé púpọ̀.

Àmọ́ ká má tún un ṣe kò túmọ̀ sí ká pa á tì. Ìtọ́jú yàtọ̀ sí àtúnṣe. Oníkàn kò jìnnà sọ́sà. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, ó ní iyọ̀, irin kì í pẹ́ dógùn-ún níbẹ̀. Táyà á gbẹ, á sán. Awọ ìjókòó á fà ya. Bí ìdógùn-ún bá jẹ irin yíká ojú ọta, ihò á máa fẹ̀, tó bá yá, kò sẹ́ni tó máa mọ èyí tí ìbọn dá àti èyí tí òjò dá. Orùlé tí kò jò, afẹ́fẹ́ gbígbẹ, àti ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́ ni mọ́tò yìí nílò.

Bí olówó kan bá wá lọ́la tó ní òun fẹ́ fi Murtala dárà, òun á sọ mọ́tò rẹ̀ di tuntun, ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ká ní kó fowó náà tún òrùlé ṣe.