Ohun tí Omi Bò ní Bùsà, àti Ohun tí Ó Kù fún Wa ní Ìjùmú

Ẹ̀yin ọba àti ìjòyè, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, mo kí yín ní kíkí ilẹ̀ wa: Òkun o. Ìkíni yìí ni àwọn ará ìta fi sọ wá lórúkọ, tí Ìjùmú, Owé, Yàgbà, Búnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ fi ń jẹ́ Òkun lónìí. Mo fi orúkọ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi nítorí pé orúkọ ni kókó ohun tí mo fẹ́ bá yín jíròrò lé lórí ní ìrọ̀lẹ́ yìí.

Ẹnì kan lè bi mí pé kí ni ó kan ará Ìyámoyè, tí òkè àti igbó yí ká, nínú ọ̀rọ̀ adágún odò Kainji. Ìdáhùn mi pín sí méjì. Èkíní, láti oṣù Karùn-ún ọdún 1967 títí di oṣù Kẹjọ ọdún 1991, ìpínlẹ̀ kan náà ni àwa àti àwọn ará Borgu wà, èyíinì ni Kwara, kí wọ́n tó mú Borgu lọ sí Ìpínlẹ̀ Niger, tí àwa sì bọ́ sí Kogi. Ìtàn wọn kì í ṣe ìtàn àjèjì sí wa. Èkejì, omi tí a sé kò jìnnà sí wa mọ́: ìdídò Omi-Kampe ti sọ apá kan ilẹ̀ Yàgbà di adágún. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí aládùúgbò wa lánàá lè dé ẹnu ọ̀nà wa lọ́la.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀ràn náà ti rí. Ọdún 1964 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sé Odò Ọya ní Kainji, iṣẹ́ náà sì parí ní 1968. Ọ̀gágun Yakubu Gowon ni ó ṣí i ní oṣù Kejì ọdún 1969. Omi tí ó kún lẹ́yìn ìdídò náà di adágún tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 136, tí ibi tí ó fẹ̀ jù sì tó kìlómítà 24. Iná mànàmáná tí ó ti ibẹ̀ jáde dé ọ̀pọ̀ ìlú ní orílẹ̀-èdè yìí, n kò sì wá síbí láti sọ pé kò yẹ kí a ní iná. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 44,000 ènìyàn ni ó ní láti fi ilé àti oko sílẹ̀ kí omi tó kún. Lára ibi tí omi náà bò ni Bùsà àtijọ́. Ìlú tí a kọ́ dípò rẹ̀, tí a ń pè ní New Bussa, wà ní ìsàlẹ̀ odò, ibẹ̀ kì í sì í ṣe ibi tí àwọn baba ńlá wọn tẹ̀ dó sí.

Ta ni Bùsà? Àwọn ọba ibẹ̀ a máa tọ́ka ìran wọn sí Kísírà, ẹni tí ìtàn wọn sọ pé ó ti ìlà-oòrùn wá. Àwa Yorùbá pàápàá kò lè sọ ìtàn Ọ̀yọ́ kí a yọ àwọn ará Borgu, tí a ń pè ní Ìbàrìbá, kúrò níbẹ̀. Nínú ìwé ìtàn tí Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ọba Ìbàrìbá ni ó so òògùn mọ́ ejò òjòlá lọ́rùn, tí ó sì ní kí Ọ̀rànmíyàn máa tẹ̀ lé e títí ejò náà yóò fi dé ibi tí yóò di Ọ̀yọ́. Nígbà tí Tápà lé Aláàfin Oníg̀bogí kúrò ní ìlú, ilẹ̀ Ìbàrìbá náà ni ó sá lọ. Ní Bùsà kan náà ni Mungo Park ti kú sínú odò ní 1806, níbi tí omi ti ń ru gùdù láàárín àpáta. Clapperton kọjá níbẹ̀ ní 1826, àwọn ará Lander sì dé ibẹ̀ ní 1830, wọ́n ń béèrè àwọn ìwé tí olóògbé náà fi sílẹ̀. Lónìí, ìsàlẹ̀ adágún ni àpáta wọ̀nyẹn wà.

Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni gbìyànjú láti gba ohun kan là? Bẹ́ẹ̀ ni. Kí omi tó kún, àwọn awalẹ̀pìtàn lọ gbẹ́ ilẹ̀ ní àwọn ibì kan. Nítòsí Yelwa, wọ́n rí ère amọ̀ àti ohun èlò irin ti àwọn ènìyàn tí wọ́n gbé ibẹ̀ ní ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, ó sì yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìkánjú ni, nítorí pé ọjọ́ tí omi yóò dé ti wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kí ọjọ́ ìwalẹ̀ tó wọ̀ ọ́. Òfin tí ó dáàbò bo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sì ti wà ní Nàìjíríà láti 1953. Nítorí náà, a kò lè sọ pé àìsí òfin ni ó fa àdánù náà. Ohun tí ó fà á ni pé àwọn ibi tí ó yẹ kí òfin náà dáàbò bò kò sí nínú àkọsílẹ̀ ẹnikẹ́ni. Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní Kainji, a ti ń kó ẹrù kúrò nínú ilé kí a tó béèrè orúkọ ọmọ.

Ẹ fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Íjíbítì ní àwọn ọdún kan náà. Nígbà tí ìdídò Aswan fẹ́ bo àwọn tẹ́ńpìlì Abu Simbel, àjọ UNESCO ké sí gbogbo ayé ní 1960. Láàárín 1964 àti 1968, ọdún kan náà tí a ń sé Kainji, wọ́n gé àpáta tẹ́ńpìlì náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì tò ó padà ní ibi tí ó fi nǹkan bí mítà 65 ga ju ti àtijọ́ lọ. Kí ni ó fà á tí ayé fi gbọ́ igbe Abu Simbel tí kò sì gbọ́ ti Bùsà? Àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń ya àwòrán Abu Simbel, wọ́n sì ti ń kọ ìwé nípa rẹ̀ fún ohun tí ó lé ní 100 ọdún kí ewu tó dé. Bùsà kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ti Íjíbítì pé pátápátá: a gba òkúta là, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ará Nubia ni omi lé kúrò ní abúlé wọn.

Èyí mú wa dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù. Gbígbé ohun kan kúrò nínú ewu kò túmọ̀ sí pé a ti gbà á là tán. Ní abúlé Tádà, létí Odò Ọya nísàlẹ̀ Jẹ́bà, ère bàbà kan wà nígbà kan rí tí ó jókòó, ọ̀kan lára iṣẹ́ bàbà tí ó dára jù lọ ní ilẹ̀ adúláwọ̀. Àwọn ará abúlé a máa gbé e lọ sódò ní ọjọ́ Jímọ̀ láti fi yanrìn fọ̀ ọ́, kí ẹja lè pọ̀, kí obìnrin sì lè bímọ. Ère náà wà nílé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti Èkó báyìí, olè kò sì lè jí i ní ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n ìrìn ọjọ́ Jímọ̀ yẹn kò bá a lọ sí Èkó. Ní Èsìẹ́, ọ̀nà mìíràn ni a gbà. Àwọn ère òkúta tí ó ju 800 lọ tí àwọn ará ìta gbọ́ nípa rẹ̀ ní 1933, ibẹ̀ náà ni a kọ́ ilé sí fún wọn ní 1945, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ìlú Èsìẹ́ ṣì ń ṣe ọdún ère náà. Nígbà tí ó bá ṣeé ṣe, ọ̀nà Èsìẹ́ ni mo fara mọ́: kí ohun náà wà níbi tí ó wà, kí àwọn tí ó ni ín sì wà lára àwọn tí ń ṣọ́ ọ.

Kí wá ni tiwa? A kò ní tẹ́ńpìlì, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní odi bíi ti Ọ̀yọ́-Ilé. Ohun tí a ní ni ahoro: ibùdó àtijọ́ lórí òkè àti ní ẹsẹ̀ àpáta, níbi tí àwọn baba wa sá sí nígbà tí ogun Tápà ń kó wa lẹ́rú, kí Bídà tó ṣubú ní 1897. Ní ihò àpáta Itaakpa ní Ìfẹ̀-Ìjùmú, àwọn awalẹ̀pìtàn rí àfọ́kù ìkòkò àti egungun ènìyàn tí ọjọ́ orí rẹ̀ lé ní 2,000 ọdún. Adé Ọbáyẹmí, ọmọ Ìfẹ̀-Ìjùmú tí ó di ọ̀gá àgbà àjọ tí ń bójú tó àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní orílẹ̀-èdè yìí, ti fi hàn nínú ohun tí ó kọ ní àwọn ọdún 1970 pé irú àwọn ìlú kéékèèké bíi tiwa ni ó lè jẹ́ kí a mọ bí ilẹ̀ Yorùbá ti rí kí àwọn ìjọba ńlá tó dìde. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá fọ́ ahoro kan ní Ìjùmú ti ya ojú ewé kan kúrò nínú ìwé ìtàn gbogbo Yorùbá.

Adágún nìkan kọ́ ni ó sì lè yà á. Katakata tí ń la ọ̀nà lè yà á. Ẹni tí ń fọ́ òkúta fún ilé kíkọ́ lè yà á. Àgbẹ̀ tí kò mọ ohun tí ó wà lábẹ́ ọkọ́ rẹ̀ lè yà á. Òfin 1979 tí ó dá àjọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ fún un ní agbára láti dáàbò bo ibi tí ó bá ní ìtàn. Òfin 1992 sì ní kí a ṣèwádìí ohun tí iṣẹ́ ńlá yóò ṣe sí àyíká kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Òfin méjèèjì dára, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó lè gbèjà ibi tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀ yín fún. Èkíní, kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní Ìyámoyè kọ orúkọ gbogbo ahoro rẹ̀ sílẹ̀: ibi tí ó wà, ìdílé tí ó ti ibẹ̀ wá, ojúbọ tí ó wà níbẹ̀, àti ìdí tí wọ́n fi kúrò. Èkejì, kí àwọn ọmọ ilé-ìwé bá àgbàlagbà dé ibẹ̀, kí wọ́n sì ya àwòrán ilẹ̀ náà. Ohun tí kò bá yẹ kí gbogbo ayé gbọ́, kí àwọn tí ó ni ín pa á mọ́. Bí a bá ṣáà ti mọ̀ pé ibẹ̀ wà, ó tó. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀dà ìwé náà wà lọ́dọ̀ ọba, ọ̀kan ní yunifásítì, ọ̀kan lọ́dọ̀ àjọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kí ó má baà jẹ́ pé ọjọ́ tí ẹlẹ́rọ bá dé ni a óò máa wá ẹni tí ó mọ̀.

Iṣẹ́ yìí kò gba owó púpọ̀. Ohun tí ó ń gbà ni àkókò, àkókò náà kò sì sí lọ́wọ́ àwa tí a ṣì lágbára. Ọwọ́ àwọn àgbà tí wọ́n jókòó ní ìlà iwájú yìí ni ó wà. Wọ́n mọ ọ̀nà ahoro láìwo ìwé. Kí ìrọ̀lẹ́ yìí tó parí, mo rọ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ pé kí olúkúlùkù tọ ọ̀kan nínú wọn lọ, kí ó sì béèrè orúkọ ibì kan ṣoṣo.