Ìyá Menininha ti Ilé Gantois: Ìyá, Ìyá Àgbà, àti Ọwọ́ Tí Ó Wà Lórí Ọmọ

 Ọ̀pọ̀ nínú yín ti bi wá léèrè bí ó ṣe yẹ kí ènìyàn rántí ìyá tí ó gbé òrìṣà lé e lórí lẹ́yìn tí ìyá náà bá ti lọ, pàápàá tí ó bá tún jẹ́ ìyá tàbí ìyá àgbà ẹni nípa ti ẹ̀jẹ̀. Kàkà kí a máa to òfin sílẹ̀, ìtàn obìnrin kan ni a fẹ́ sọ.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Ògún ọdún 1986 ni Maria Escolástica da Conceição Nazaré papò dà ní ìlú Salvador, ní Bahia, ní orílẹ̀-èdè Bràsíl. Ẹni ọdún 92 ni. Ó bí ọmọbìnrin méjì, Cleusa àti Carmen. Ó rí ọmọ-ọmọ. Ó sì jókòó fún ọdún 64 lórí àga ìyálórìṣà ilé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Gantois. Ọ̀ṣun ni ó ni orí rẹ̀. Menininha ni wọ́n ń pè é láti kékeré, ìyẹn ni ọmọdébìnrin kékeré ní èdè Potogí, orúkọ náà kò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi di arúgbó.

Ní ọdún 1972, nígbà tí ó pé ọdún 50 lórí oyè, Dorival Caymmi kọ orin àdúrà kan nípa rẹ̀. Gal Costa àti Maria Bethânia kọ ọ́ jáde, gbogbo Bràsíl sì gbà á lẹ́nu wọn. Orin náà dára, a kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n a ti rí i pé ọ̀pọ̀ èwe inú ẹ̀sìn wa mọ orin yìí ju obìnrin náà lọ. Ìyá àgbà aláàánú tí ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nínú aṣọ funfun ni wọ́n mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwòrán yìí kéré sí i.

Ọjọ́ 10 oṣù Èrèlé ọdún 1894 ni a bí i, kò tíì pé ọdún mẹ́fà tí wọ́n fòpin sí oko ẹrú ní Bràsíl. Ìyá ńlá rẹ̀, Maria Júlia da Conceição Nazaré, ni ó dá ilé náà sílẹ̀ ní ọdún 1849, lẹ́yìn tí ó kúrò nínú ilé Ìyá Nàsó nítorí ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò jẹ oyè. Ilé Ìyá Omi Àṣẹ Ìyámasé ni orúkọ ilé náà gan-an. Orúkọ ẹni tí ó ni ilẹ̀ ni Gantois. Ìtàn ìdílé wọn sọ pé Abẹ́òkúta ni àwọn òbí Maria Júlia ti wá. Àwa ọmọ Yorùbá mọ̀ pé nǹkan bí ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tó tẹ Abẹ́òkúta dó. Obìnrin tí ó dàgbà tó láti dá ilé òrìṣà sílẹ̀ ní 1849, àwọn òbí rẹ̀ yóò ti kúrò nílé ṣáájú ìgbà náà. Ó sún mọ́ òótọ́ jù pé inú ọ̀kan nínú àwọn ìlú Ẹ̀gbá àtijọ́ tí ogun fọ́ ni wọ́n ti kó wọn, tí àwọn ọmọ wọn sì wá fi orúkọ tí ó kù láyé pe ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀. Irú nǹkan báyìí kì í ṣe irọ́. Bí ìrántí ṣe ń rìn nìyẹn nígbà tí ìlú tí a ń rántí kò bá sí mọ́.

Pulchéria, ọmọ Maria Júlia, ni ó jẹ oyè lẹ́yìn ìyá rẹ̀, òun ni ó sì ṣe òrìṣà fún Menininha nígbà tí ó ṣì wà ní ọmọdé. Àwọn òǹkọ̀wé Potogí máa ń ní láti ṣàlàyé irú ìbátan tí ó wà láàárín wọn, nítorí pé kì í ṣe Pulchéria ni ó bí òbí Menininha. Yorùbá kò nílò àlàyé yìí. Ọmọ ìyá ìyá àgbà ẹni, ìyá àgbà ẹni ni. Pulchéria kú ní 1918. Ní 1922, nígbà tí Menininha jẹ́ ẹni ọdún 28, wọ́n gbé e gorí àga.

Kí ẹ tó fojú inú wo àga yẹn, ẹ rántí irú ayé tí ó wà. Òfin ìjìyà ọdún 1890 ti sọ iṣẹ́ ìwòsàn àti ohun tí wọ́n pè ní idán di ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè tìtorí rẹ̀ ju ènìyàn sẹ́wọ̀n. Ní àwọn ọdún 1920, ọlọ́pàá ń ya wọ ilé òrìṣà ní Salvador, wọ́n ń kó ìlù, wọ́n ń kó ohun ìbọ. Lẹ́yìn náà ó di pé kí ilé tó lu ìlù, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Oṣù kìíní ọdún 1976 ni Gómìnà Roberto Santos tó fọwọ́ sí àṣẹ tí ó bọ́ àjàgà yìí kúrò lọ́rùn àwọn ilé òrìṣà Bahia. Ẹ ṣírò rẹ̀: nínú ọdún 64 tí ìyá yìí lò lórí oyè, 54 ni ó fi wà lábẹ́ ojú ọlọ́pàá.

Kò bá wọn jà ní gbangba. Ó gba àwọn dókítà, lọ́yà, òǹkọ̀wé àti olóṣèlú lálejò, ó sì ń gbọ́ tẹnu wọn, bí ó ṣe ń gbọ́ tẹnu aláìní tí ó wá tọrọ omi Ọ̀ṣun. Ẹni tí ó bá pe èyí ní ìwà pẹ̀lẹ́ lásán kò mọ Ọ̀ṣun. Omi tútù ni, ṣùgbọ́n omi ni ó ń gbẹ́ ọ̀nà sínú òkúta.

Àwọn ọ̀mọ̀wé pẹ̀lú wá. Ruth Landes dé ní 1938, ìwé rẹ̀ lórí àwọn obìnrin Bahia sì jáde ní 1947. E. Franklin Frazier àti Melville Herskovits tẹ̀lé e, àwọn ìdílé tí ó yí Gantois ká sì wà lára àwọn tí àwọn méjèèjì bi ní ìbéèrè. Ní 1942 Frazier kọ ọ́ pé ìdílé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò ní gbòǹgbò ní Áfíríkà mọ́. Ní ọdún kejì Herskovits dá a lóhùn pé ó ní. Wọ́n jiyàn lórí ìgbéyàwó, lórí ọkọ tí ń bá ni gbé àti èyí tí kò bá ni gbé, lórí ta ni olórí ilé. Lójú tiwa, agboolé kan tí Maria Júlia fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, tí ó sì dé ọwọ́ ọmọ-ọmọ, tí àwọn tí kò bá wọn tan rárá sì ń kúnlẹ̀ níbẹ̀ láti pe obìnrin kan ní ìyá, ti dáhùn kí wọ́n tó béèrè.

Ohun kan wà tí ó máa ń rú àwọn tuntun lójú. Ìyá Menininha ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Síbẹ̀, ní oṣù Agẹmọ ọdún 1983, lẹ́yìn ìpàdé àgbáyé kejì lórí àṣà òrìṣà tí wọ́n ṣe ní Salvador (Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣe àkọ́kọ́ ní 1981), orúkọ rẹ̀ wà pẹ̀lú ti Ìyá Stella àti àwọn ìyálórìṣà mìíràn lábẹ́ ìwé tí ó sọ pé òrìṣà kì í ṣe ẹni mímọ́ ìjọ Àgùdà, pé ẹ̀sìn ni tiwa, kì í ṣe ẹ̀ka ẹ̀sìn ẹlòmíràn. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ náà tako ara rẹ̀. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ ọlọ́pàá mọ ìyàtọ̀ láàárín ibi tí ó ń lọ àti ibi tí ó ti wá.

Ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ara kò gbé e mọ́. Orí ibùsùn ni ó ti ń gba àlejò, tí ó ń súre.

A wá dé ibi tí ìbéèrè yín wà. Nílé, bí arúgbó bá kú, ìnáwó ni, ijó ni. Ṣùgbọ́n bí arúgbó náà bá jẹ́ ẹlẹ́ṣin òrìṣà, ẹgbẹ́ òrìṣà ni yóò kọ́kọ́ ṣe tiwọn lára rẹ̀ kí àwọn ọmọ tó gba òkú ìyá wọn. Ìlànà yìí kò sọnù ní Bahia. Axexê ni wọ́n ń pe ètò náà; ó lè gba òru méje, aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀, igbá àti ìkòkò sì ń dún níbi tí ìlù ti máa ń dún. Ohun tí ó kù kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìwé. Èyí tí ó kàn yín ni pé orí tí ìyá fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe, a gbọ́dọ̀ ká ọwọ́ náà kúrò lórí rẹ̀ lẹ́yìn ikú, kí ọwọ́ alààyè mìíràn tó gbé e. Ọmọ ẹ̀jẹ̀ kò yọ sílẹ̀. A ti rí àwọn tí kò fẹ́ ṣe é, tí wọ́n ní bí ẹni ń lé ìyá jáde ni. Ìfẹ́ ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn, a sì mọ̀ bí ó ti ń dunni. Ṣùgbọ́n òkú tí ọmọ kò jẹ́ kí ó kó ọwọ́ rẹ̀ lọ, kò tíì lọ.

Ilé Gantois kò kánjú. Ọdún 1989 ni Cleusa tó jókòó sórí àga ìyá rẹ̀. Cleusa kú ní 1998; ọdún 2002 ni Carmen, àbúrò rẹ̀, tó gorí oyè, ọdún kan náà tí ìjọba àpapọ̀ Bràsíl sọ ilé náà di ogún orílẹ̀-èdè. Ní àárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn àga ṣófo, kò sì sí ẹni tí ó pe àìjókòó náà ní àìbìkítà.

Ní 1992 ni wọ́n ṣí iyàrá ìrántí rẹ̀ nínú ọgbà ilé náà, wọ́n sì kó aṣọ rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ àti ohun ìlò rẹ̀ síbẹ̀. Ìrántí mìíràn tún wà tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kò pọ̀. Láàárín 1940 sí 1941, Lorenzo Dow Turner, ọ̀mọ̀wé èdè tí ó jẹ́ ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, gbé ẹ̀rọ lọ sí Bahia, ó sì gba ohùn Ìyá Menininha sílẹ̀. Ohùn náà wà ní ibi ìkóhùnpamọ́ Yunifásítì Indiana títí di òní. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta tàbí mẹ́tàdínláàádọ́ta ni nígbà náà, kò tíì di ìyá àgbà inú orin ẹnikẹ́ni.